Àtọwọ́dá (nínú ọ̀rọ̀ oògùn)

àtọwọ́dá. Ọ̀rọ̀-orúkọ, a tún ń lò ó gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yán.

1. Ohun tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá, tí kò hù fúnra rẹ̀, tí a kò sì bí i. "Adágún àtọwọ́dá ni adágún Ọ̀yán, odò tí a sé ni ó bí i."

2. Nínú ìmọ̀ kẹ́mísírì: èròjà tí a to àwọn èròjà kéékèèké pọ̀ kí a tó rí, ní yàrá ìwádìí tàbí ní ilé-iṣẹ́, yálà irú rẹ̀ wà lára ewéko tàbí kò sí níbì kankan rí. "Oògùn àtọwọ́dá ni chloroquine, ara èèpo igi ni quinine ti wá."

3. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu lóde òní: ohun tí kì í ṣe ojúlówó. A kò fọwọ́ sí ìlò yìí nínú ọ̀rọ̀ oògùn. Ìdí rẹ̀ wà nísàlẹ̀.

Ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀

À- + ti + ọwọ́ + dá. Fáwẹ̀lì ìparí "ti" ni a pa jẹ. Irú ìhun kan náà ni ó wà nínú àtọ̀runwá, àtẹ̀yìnwá àti àtilẹ̀wá. "Dá" tí ó wà níparí ni èyí tí a ń lò fún Ẹlẹ́dàá tí ó dá ayé, kì í ṣe ti igi tí ó dá sí méjì. Kò sí ẹ̀gàn nínú ọ̀rọ̀ náà láti ìpìlẹ̀. Ibi tí nǹkan ti wá nìkan ni ó ń sọ, kò sọ bóyá nǹkan náà dára tàbí kò dára. Òdìkejì rẹ̀ ni àdánidá.

Àtọwọ́dá kì í ṣe ayédèrú

Ìtumọ̀ kẹta òkè yìí ni ó fa àlàyé gígùn tí ó tẹ̀ lé e. Ní ilẹ̀ Yewa, láti Ìlaró dé Ìdí-Ìrókò, àti láti Ayétòrò lọ sí ìhà Kétu, oògùn ń wá láti ìhà méjì. Èyí tí ó gba ọ̀nà Èkó wá ní ìwé ìlànà lédè Gẹ̀ẹ́sì nínú páálí rẹ̀. Èyí tí ó gba orílẹ̀-èdè Benin wá ní ti Faransé. Ẹni tí yóò sọ ohun tí ó wà nínú ìwé náà fún ìyá àgbà nílé sábà máa ń jẹ́ ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ tí ó gbọ́ ọ̀kan nínú èdè méjèèjì díẹ̀. Ìbẹ̀rù ayédèrú oògùn wà lọ́kàn gbogbo ènìyàn, kò sì jẹ́ ìbẹ̀rù lásán; ó wà lára ìdí tí a fi ṣòfin tí ó dá àjọ NAFDAC sílẹ̀ ní 1993. Ní irú àyíká bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí a ṣì tú lè gba oògùn lọ́wọ́ aláìsàn.

Ẹni tí ó kọ àkọsílẹ̀ yìí ti rí ìwé ìléwọ́ kan lórí ẹ̀jẹ̀ ríru, tí olùtumọ̀ kọ sínú rẹ̀ pé oògùn náà "kì í ṣe ojúlówó, ọwọ́ ni a fi ṣe é". Ohun tí ó wà nínú ìwé àkọ́kọ́ kò ju pé a kò rí èròjà náà láti ara ewéko lọ. Màmá kan tí wọ́n kà á fún ká hóró oògùn rẹ̀ padà sínú ọ̀rá, ó ní ọmọ òun kò ní fi owó ra ayédèrú fún òun, ó sì ní kí wọ́n bá òun wá gbòǹgbò. Olùtumọ̀ kò purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ méjì tí kò bá ara wọn tan ni ó fi rọ́pò ara wọn.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀tàn ni ayédèrú: ohun tí a kọ sára páálí kọ́ ni ó wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ orírun ni àtọwọ́dá. Nítorí náà, oògùn lè jẹ́ àtọwọ́dá kí ó sì jẹ́ ojúlówó, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ oògùn tí dókítà ń kọ fún wa ti rí. Egbòogi inú igbó pẹ̀lú lè jẹ́ ayédèrú: ẹni tí ó lọ èlùbọ́ tí ó sì tà á ní gbòǹgbò tí ó gbẹ ti ta ayédèrú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ ni èlùbọ́ ti hù. Olùtumọ̀ tí ó bá bá ọ̀rọ̀ Faransé náà "de synthèse" pàdé lára páálí tí ó ti ìhà kejì wá, àtọwọ́dá ni kí ó kọ, kí ó sì fi gbólóhùn kan kún un bí àyè bá wà: "Ilé-iṣẹ́ ni a ti ṣẹ̀dá èròjà rẹ̀, a kò fà á láti ara ewéko."

Mólékù kan náà: ẹ̀rí asofẹ́yẹjẹ

Ìbéèrè tí ó máa ń tẹ̀ lé e ni pé, bí igi bá ṣe èròjà kan, tí ènìyàn náà sì ṣe é, ṣé ọ̀kan náà ni wọ́n? Igi kan tí ó ń hù káàkiri ilẹ̀ wa lè ràn wá lọ́wọ́ láti dáhùn.

Asofẹ́yẹjẹ ni a ń pè é: a-so-fún-ẹyẹ-jẹ. "So" olóhùn àárín, tí kò ní àmì lábẹ́, ni ó wà nínú rẹ̀, bí a ti ń sọ pé igi so. Ẹni tí ó bá kọ ọ́ ní "asọfẹ́yẹjẹ" ti sọ igi di ẹni tí ń bá ẹyẹ sọ̀rọ̀. Igi kékeré ni, tí oje funfun ń jáde lára rẹ̀ bí a bá ṣá a. Èso wẹ́wẹ́ rẹ̀ a máa pọ́n bí ó bá gbó, ó sì fẹ́ràn oko tí a ti fi sílẹ̀ fún ọdún díẹ̀. Orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ewéko ni Rauvolfia vomitoria. Ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wa ti ń lo gbòǹgbò rẹ̀ láti mú ara ẹni tí orí rẹ̀ dàrú wálẹ̀. Raymond Prince, dókítà ọpọlọ ará Kánádà tí ó ṣiṣẹ́ ní Aró, Abẹ́òkúta, ní ìparí àwọn ọdún 1950, kọ àpilẹ̀kọ nípa ìlò yìí ní 1960 nínú ìwé-àtìgbàdégbà àwọn oníṣègùn ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ilé ìwòsàn Aró náà ni Thomas Adeoye Lambo ti ń ṣiṣẹ́ láti 1954.

Ní ilẹ̀ Íńdíà, ẹ̀yà kan nínú ìdílé igi yìí, Rauvolfia serpentina, ti ní ìtàn tirẹ̀. Sen àti Bose kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 1931, wọ́n ní ó ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, ó sì ń mú ọkàn balẹ̀. Vakil tún ìròyìn náà sọ ní 1949 nínú ìwé-àtìgbàdégbà oníṣègùn ọkàn ti Britain, ayé sì gbọ́. Ní 1952, àwọn onímọ̀ ní ilé-iṣẹ́ Ciba ní Basel, Switzerland, yọ èròjà tí ń ṣiṣẹ́ náà láti inú gbòǹgbò, wọ́n pè é ní reserpine. Kò pẹ́ tí a fi rí i pé reserpine pọ̀ nínú gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ ti Áfíríkà ju ti Íńdíà lọ, gbòǹgbò rẹ̀ sì di ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ oògùn ń rà.

Lẹ́yìn náà ni R. B. Woodward, ní yunifásítì Harvard, kéde ní 1956 pé òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ti ṣẹ̀dá reserpine láti inú àwọn èròjà kéékèèké tí a lè rà, láìlo gbòǹgbò rárá. Ohun tí ó wà nínú ìgò wọn àti ohun tí ó wà nínú gbòǹgbò kò yàtọ̀ sí ara wọn ní ohunkóhun tí ẹ̀rọ tàbí ara ẹranko lè mọ̀. Kí ọ̀rọ̀ náà tó rí bẹ́ẹ̀, ó ku ìṣòro kan tí kò sí nínú ọ̀rọ̀ "dídà pọ̀" tí àwọn olùtumọ̀ kan fẹ́ràn. Ìṣòro náà ni ọwọ́.

Mólékù ọlọ́wọ́

Ẹ gbé ọwọ́ ọ̀tún sí iwájú dígí. Ọwọ́ òsì ni ẹ ó rí nínú rẹ̀. Ìka márùn-ún ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní, àtàǹpàkò àti ọmọńdinrín wà lára méjèèjì, síbẹ̀ bí a ti wù kí a yí wọn, ọ̀kan kò lè gba ipò èkejì: ìbọ̀wọ́ ọ̀tún kò bá ọwọ́ òsì mu. Ọ̀pọ̀ mólékù ni ó rí bẹ́ẹ̀. Níbi tí átọ́ọ̀mù kábọ́ọ̀nù kan bá ti di ohun mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mú, ọ̀nà méjì ni a lè gbà to mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yí i ká, ọ̀nà méjèèjì a sì jẹ́ àwòrán ara wọn nínú dígí. Àwọn Gíríìkì pàápàá ni a yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn láti sọ èyí, ọ̀rọ̀ tí a yá náà kò sì ju "ọwọ́" lọ. Ìdí nìyí tí a fi dábàá mólékù ọlọ́wọ́ ní èdè Yorùbá, dípò kí a máa yí lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì padà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kíyè sí ohùn àti àmì: ọlọ́wọ́ ni, kì í ṣe ọlọ́wọ̀, kì í sì í ṣe olówó. Mólékù olówó kò tí ì sí.

Ara ènìyàn fúnra rẹ̀ kún fún ohun ọlọ́wọ́, nítorí náà ara mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, bí ẹni tí a na ọwọ́ sí láti bọ̀ ti mọ ọwọ́ tí a nà. Dextromethorphan, tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn ikọ́ olómi, ń dá ikọ́ dúró. Ìkejì rẹ̀ inú dígí, levomethorphan, jẹ́ oògùn líle tí ń ṣiṣẹ́ bíi mọ́fíìnì. Ẹni tí ó bá rò pé ìyàtọ̀ ọwọ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ yàrá ìwádìí lásán, kí ó ka gbólóhùn tí ó ṣáájú yìí lẹ́ẹ̀kejì.

Reserpine ní irú kábọ́ọ̀nù bẹ́ẹ̀ mẹ́fà. Méjì lọ́nà méjì, ní ẹ̀ẹ̀mẹfà, jẹ́ 64: ètò 64 ni ó ṣeé ṣe, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn sì ni reserpine tí asofẹ́yẹjẹ ń ṣe. Igi kì í ṣì í. Woodward ní láti wá ọgbọ́n sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìsopọ̀ kan tí ó fi mẹ́ta nínú mẹ́fà sí ààyè wọn lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé bí àwọn èròjà méjèèjì ṣe ń bá ara wọn pàdé kò fàyè gba ọ̀nà mìíràn. Ó lo ìrísí tí ó rí nínú èyí láti fi méjì sí i. Ṣùgbọ́n ẹyọ ìkẹyìn, ní kábọ́ọ̀nù 3, kọ̀ jálẹ̀. Òdì ni ó bọ́ sí, ibẹ̀ ni ara sì ti rọ̀ ọ́ jù. Bí Woodward bá fi ooru àti ásíìdì rọ̀ ọ́ pé kí ó yí, kò ní yí, nítorí pé ibi tí ó wà tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ohun tí ó ṣe ni pé ó so ibi méjì tí ó jìnnà síra lára mólékù náà pọ̀ bí ẹni fi okùn de igi tútù mọ́ òpó, títí gbogbo rẹ̀ fi tẹ̀ sí ipò tí kò fẹ́. Ní ipò ìnira yìí, òdì tí ó ti rọrùn tẹ́lẹ̀ di ohun tí ó nira jù, ibi tí ó tọ́ sì di ibi ìsinmi. Nígbà náà ni ó wá fi ásíìdì àti ooru sí i, kábọ́ọ̀nù 3 sì yí fúnra rẹ̀. Ó tú okùn náà, reserpine sì wà níbẹ̀. Lójú ẹni tí ó kọ èyí, kò sí iṣẹ́ ọwọ́ tí ó tọ́ sí orúkọ náà "àtọwọ́dá" ju èyí lọ. Woodward gba ẹ̀bùn Nobel ní 1965 fún irú iṣẹ́ báyìí.

Síbẹ̀ ó ku ẹyọ kan. Àwọn èròjà tí ó fi bẹ̀rẹ̀ kò ní ọwọ́, ohun tí kò sì ní ọwọ́ kì í mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Fún gbogbo mólékù reserpine tí ó rí, ó rí ìkejì rẹ̀ inú dígí pẹ̀lú, ìdajì sí ìdajì. Èyí ni àdàlù ọ̀tún-òun-òsì. Láti yà wọ́n, ó lo ásíìdì kan tí a rí láti ara káńfọ̀, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọlọ́wọ́. Bí ọwọ́ ọ̀tún bá bọ ọwọ́ ọ̀tún, ìbọ̀wọ́ náà yàtọ̀ sí ti ọ̀tún àti òsì; iyọ̀ méjì tí àwọn reserpine méjèèjì bá ásíìdì náà ṣe kò tún jẹ́ àwòrán ara wọn mọ́, ọ̀kan sì ṣeé yọ kúrò lára èkejì. Louis Pasteur ni ó ṣáájú nínú ọgbọ́n yìí. Ní 1848 ó fi ọwọ́ ṣa àwọn kírísítà ọ̀tún àti òsì sọ́tọ̀. Ní 1853 ó lo èròjà tí a rí láti ara quinine àti àwọn ẹbí rẹ̀ láti ya ọ̀tún àti òsì sọ́tọ̀ láìṣà. Ìyapa ọ̀tún àti òsì ni kí olùtumọ̀ pè é. Ẹnìkan dábàá "ìyàwọ́" fún wa. A kọ̀ ọ́, nítorí pé àmì kan ṣoṣo ni ó yà á sọ́tọ̀ sí ìyàwó, ọ̀rọ̀ ìyàwó nínú kẹ́mísírì kò sì ní tán.

Bí a bá ní láti ya àdàlù, ìdajì iṣẹ́ ni ó ń ṣòfò. Ìdí nìyí tí asofẹ́yẹjẹ kò fi kúrò lọ́jà lẹ́yìn 1956. Igi náà ń ṣe ọwọ́ kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀, òjò àti oòrùn ni ó sì fi ń ṣe é. A kò sọ èyí kí ẹnikẹ́ni lè lọ wú gbòǹgbò rẹ̀ jẹ: ìwọ̀n tí ó wà nínú gbòǹgbò kan yàtọ̀ sí ti òmíràn, reserpine sì lè fa ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ kọjá ààlà, ó sì lè mú ìbànújẹ́ ọkàn wá.

Ìṣẹ̀dá aṣàyàn-ọwọ́: ẹ̀rí wèrèpè

Ọ̀nà kẹta wà, tí kì í ṣe kí a lọ bá igi, tí kì í sì í ṣe kí a ṣe méjèèjì kí a tó da ọ̀kan nù. Ewéko mìíràn tí àgbẹ̀ wa mọ̀ dunjú, tí kò sì fẹ́ràn, ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Wèrèpè (àwọn mìíràn ń pè é ní yèrèpè) ni Mucuna pruriens, irun ara pádi rẹ̀ sì ni ó ń mú ara yún ẹni tí ó bá kàn án. Irú rẹ̀ tí kò ní irun yíyún ni wọ́n gbìn ní gúúsù orílẹ̀-èdè Benin láti ìparí àwọn ọdún 1980, pàápàá ní ìpínlẹ̀ Mono, kí ó lè bo ilẹ̀ kí ó sì pa èkan. Nínú hóró rẹ̀ ni levodopa wà, oògùn tí a ń lò fún àrùn Parkinson, èyí tí ń mú ọwọ́ gbọ̀n tí ó sì ń mú ẹsẹ̀ lọ́ra. "Levo" tí ó wà nínú orúkọ rẹ̀ ni òsì. Ìkejì rẹ̀ ti ọ̀tún kì í wo àrùn náà sàn, ewu nìkan ni ó ń fi kún un.

Ayé nílò levodopa púpọ̀. William Knowles, ní ilé-iṣẹ́ Monsanto ní Amẹ́ríkà, ṣe ohun kan ní àwọn ọdún 1970 tí kò sí irú rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ ńlá tẹ́lẹ̀. Ó mú irin olówó iyebíye kan tí ń jẹ́ rhodium, ó so èròjà ọlọ́wọ́ mọ́ ọn, ó sì jẹ́ kí irin náà máa fi háídrójìn sára mólékù tí kò tí ì ní ọwọ́. Nítorí pé irin náà ti ní ọwọ́, ẹ̀gbẹ́ kan ni ó ń gbà fi háídrójìn náà sí i. Nǹkan bí 97 nínú 100 ni ó bọ́ sí ọwọ́ tí a fẹ́. Ìwọ̀nba irin díẹ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí, nítorí pé kì í run. Bí ó bá tu ọ̀kan sílẹ̀ tán, a tún mú òmíràn. Knowles, Ryoji Noyori ti Jàpáànù àti Barry Sharpless ti Amẹ́ríkà ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 2001. Àwọn ẹbí quinine, láti inú èèpo igi, ni Sharpless lò nínú ọ̀kan lára àwọn ọ̀nà tirẹ̀ láti fún òṣùnwọ̀n iṣẹ́ rẹ̀ ní ọwọ́.

Orúkọ tí a dábàá fún ọgbọ́n yìí ni ìṣẹ̀dá aṣàyàn-ọwọ́. "Ìṣẹ̀dá ọlọ́wọ́-kan" kò dára: ẹni tí ó pàdánù apá ni Yorùbá ń pè bẹ́ẹ̀.

Ohun tí igi bẹ̀rẹ̀, tí ọwọ́ parí

Oògùn ibà tí ó wà ní gbogbo ìsọ̀ oògùn ní Ìlaró lónìí kò jẹ́ àdánidá pátápátá, kò sì jẹ́ àtọwọ́dá pátápátá. Chloroquine, tí Hans Andersag kọ́kọ́ ṣẹ̀dá ní Jámánì ní 1934, tí ó sì ń mú ara ọ̀pọ̀ nínú wa yún, jẹ́ àdàlù ọ̀tún-òun-òsì. Nàìjíríà yí padà kúrò lórí rẹ̀ ní 2005 nítorí pé kòkòrò ibà ti borí rẹ̀. Ohun tí ó rọ́pò rẹ̀ dá lórí artemisinin, tí àwọn Tu Youyou yọ láti inú ewéko ní Ṣáínà ní 1972. Artemisinin kì í tètè yọ́ nínú omi tàbí òróró, nítorí náà àwọn onímọ̀ yí apá kan rẹ̀ padà, ó sì di artemether. Gbogbo ọwọ́ tí ewéko fún un ni wọ́n fi sílẹ̀ bí ó ti wà. Lumefantrine tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀ nínú hóró kan náà, àtọwọ́dá ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọ̀tún àti òsì sì wà nínú rẹ̀ pọ̀.

A dábàá àtọwọ́parí fún irú artemether: ewéko bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọwọ́ parí rẹ̀. "Artemether jẹ́ èròjà àtọwọ́parí." Bí òǹkàwé kò bá ní mọ̀ ọ́n, kí a sọ ọ́ ní gbólóhùn: "Ara ewéko ni a ti mú un, ilé-iṣẹ́ ni a ti parí rẹ̀."

Àkíyèsí fún olùtumọ̀

Nípa òsì àti òṣì. Ẹ má ṣe fojú fo àmì abẹ́ "s". Ọwọ́ òsì ni ìdàkejì ọwọ́ ọ̀tún; òṣì ni ìṣẹ́. Nínú ìwé tí a tẹ̀ láìní àmì, "oogun owo osi" lè dẹ́rù ba ẹni tí ó kà á. Nítorí pé a kì í fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, òǹkàwé lè rò pé mólékù òsì ni èyí tí kò dára. Kò rí bẹ́ẹ̀: òsì ni levodopa, òsì sì ni levofloxacin, tí ó jẹ́ apá tí ó lágbára jù nínú ofloxacin. Ó dára kí olùtumọ̀ fi gbólóhùn kan ṣàlàyé pé ọ̀tún àti òsì níhìn-ín kì í ṣe ọ̀rọ̀ ire àti ibi.

Nípa àwọn lẹ́tà. Ètò mẹ́ta ni a fi ń dárúkọ ọwọ́: àmì (+) àti (−), tí ń sọ ìhà tí èròjà náà ń yí ìmọ́lẹ̀ sí, lẹ́tà D àti L, àti lẹ́tà R àti S. Wọn kì í bá ara wọn dọ́gba nígbà gbogbo. Dexibuprofen ni ẹ̀rí: "dex" sọ pé ọ̀tún ni ó ń yí ìmọ́lẹ̀ sí, síbẹ̀ S ni lẹ́tà rẹ̀, S náà sì ti inú ọ̀rọ̀ Látìn tí ó túmọ̀ sí òsì wá. Ẹni tí ó bá túmọ̀ lẹ́tà sí ọ̀tún àti òsì yóò sọ oògùn kan di méjì. Ẹ fi lẹ́tà àti àmì sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Bákan náà ni "es" tí ó wà níwájú orúkọ bí esomeprazole: lẹ́tà S ni, kì í ṣe orúkọ ilé-iṣẹ́.

Nípa thalidomide. Àpẹẹrẹ tí gbogbo ènìyàn ń lò ni, a sì sábà máa ń ṣì í sọ. A bẹ̀rẹ̀ sí tà á ní Jámánì ní 1957, a sì kó o kúrò lọ́jà níbẹ̀ ní 1961 lẹ́yìn tí ó ti ba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ inú oyún jẹ́. Àdàlù ni. Àwọn kan ń kọ ọ́ pé bí a bá ti ya òsì kúrò lára ọ̀tún, ewu kì bá tí sí. Irọ́ ni: nínú ara ènìyàn, ọ̀kan ń yí padà di èkejì. Bí ìwé tí ẹ ń túmọ̀ bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ kọ̀wé sí ẹni tí ó ni í.

Nípa "ṣe". Ilé-iṣẹ́ oògùn pọ̀ ní Ọ̀tà àti Agbára, ní ìpínlẹ̀ Ògùn kan náà. "Ọ̀tà ni a ti ṣe oògùn yìí" jẹ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n ohun tí a sábà máa ń ṣe níbẹ̀ ni pé a ń po èròjà tí ń ṣiṣẹ́ pọ̀ mọ́ àwọn ohun mìíràn, a sì ń tẹ̀ ẹ́ sí hóró. Íńdíà àti Ṣáínà ni púpọ̀ jù lọ nínú èròjà náà ti ń wá, ibẹ̀ sì ni a ti ṣẹ̀dá rẹ̀. Nítorí náà, "pípò" ni kí a lò fún iṣẹ́ Ọ̀tà, kí a fi "ìṣẹ̀dá" sílẹ̀ fún iṣẹ́ tí ó bí mólékù náà. Bí a bá lo "ṣe" fún méjèèjì, òǹkàwé kò ní mọ ohun tí Nàìjíríà ń dá fún ara rẹ̀ àti ohun tí ó ń rà wá láti òkè òkun.

Wo náà

àdánidá: ohun tí ó wà fúnra rẹ̀. "Reserpine àdánidá ni èyí tí ó ti inú asofẹ́yẹjẹ wá."

ayédèrú: ohun tí a fi tan ènìyàn jẹ. "Nọ́ńbà NAFDAC ara páálí yìí kì í ṣe tirẹ̀, ayédèrú ni."

àdàlù ọ̀tún-òun-òsì: ìdajì mólékù kan àti ìdajì ìkejì rẹ̀ inú dígí. "Àdàlù ọ̀tún-òun-òsì ni ibuprofen tí ó wà lọ́jà."

ìkejì inú dígí: mólékù tí ó jẹ́ àwòrán òmíràn, tí kò sì lè gba ipò rẹ̀. "Levomethorphan ni ìkejì inú dígí dextromethorphan."

èròjà tí ń ṣiṣẹ́: apá oògùn tí ń wo àrùn, yàtọ̀ sí ohun tí a fi po hóró. "Ẹ kọ orúkọ èròjà tí ń ṣiṣẹ́ náà bí ó ṣe wà lára páálí, ẹ má ṣe túmọ̀ rẹ̀."